Okùn Ìbàdí Rosanthi

Ọjọ́ Ajé, 22 oṣù kẹrin

Ẹni Òkun ti lọ. Àná ni ọkọ̀ wọn jáde ní ọ̀sà. Ó ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, bí ẹja bá gbọ́ràn. Mo dúró létí omi. Kò juwọ́, torí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń wò ó. Ó kàn ṣí fìlà, ó tún dé e. Mo mọ̀ pé èmi ló ṣe é fún.

Anslem lorúkọ ọkọ mi yìí. Mi ò tíì lè pè é bẹ́ẹ̀ lójú ìyá rẹ̀. Oṣù mẹ́ta péré la ti ṣègbéyàwó.

Mi ò rí ẹni bá sọ̀rọ̀, ni mo ṣe ra ìwé yìí. Kíláàsì kẹjọ ni mo kà dé. Kí ìwé má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ o.

Ìṣẹ́gun, 23 oṣù kẹrin

Amma, ìyá ọkọ mi — láàárín èmi àti ìwé yìí, Ọ̀gá Abẹ́rẹ́ ni. Kò sí ẹni tó mọ aṣọ ọ̀rẹ́ ìyàwó dà ní gbogbo Negombo, ìlú etíkun wa yìí, bíi tirẹ̀. Yóò mú sárì, aṣọ gbọọrọ tí àwọn obìnrin wa ń wé mọ́ra, yóò dà á sára ọmọbìnrin, yóò pa pílíìtì, ìṣẹ́po aṣọ, sí èjìká, yóò fi pílíìtì wínníwínní yí ìbàdí ká, yóò wá rán gbogbo rẹ̀ mọ́ ara wọn. Lọ́jọ́ ìgbéyàwó, ọmọ náà á kàn ki orí bọ̀ ọ́, á fa síìpù. Ẹni tó bá rí i á rò pé wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ wé e mọ́ ọn lára ni.

Àmọ́ ojú Amma ti ń ríran bàìbàì. Nídìí oúnjẹ alẹ́ ló sọ ọ́. Ọmọ olówó tó ń ta yìnyín fún àwọn apẹja, Sheroma, ń ṣègbéyàwó lọ́jọ́ kìíní oṣù kẹfà. Ọ̀rẹ́ ìyàwó mẹ́rin. Ó ní èmi ni n óò bá òun dà á.

"Bó bá dáa, o ní ìjókòó nídìí tábìlì iṣẹ́ mi. Bó bá bàjẹ́, ìyàwó, wàá padà sí fáktórì lẹ́yìn ìgbéyàwó yẹn. Ilé yìí ò lè bọ́ ẹni tó ń káwọ́ gbera."

Kò bínú sọ ọ́. Bí ẹni ní kí n bá òun na iyọ̀.

Ọdún mẹ́ta ni mo lò ní fáktórì ìránṣọ ní Katunayake. Kọ́là. Kọ́là ṣẹ́ẹ̀tì nìkan. Yàrá kan, àwa ọmọbìnrin kún un fọ́fọ́. Mi ò fẹ́ padà. Ohun kan ṣoṣo tí mo ń bẹ Màríà Mímọ́ fún nìyẹn.

Ẹtì, 26 oṣù kẹrin

Ó fún mi ní àkísà sárì kí n fi dánra wò lára ère ìránṣọ rẹ̀. Àńtí Aláìlórí ni mo sọ ère náà. Ó sanra, ó ti gbó, pínnì ti jẹ ẹ́ níhò.

Mo fa aṣọ. Amma gbá mi lọ́wọ́.

"Kọ́là lò ń rán ni? Aṣọ yìí kì í ṣe ṣọ́jà. Jẹ́ kó wálẹ̀ fúnra rẹ̀."

Nígbà tó yá mo gbé e lọ sídìí ẹ̀rọ, kí n tẹ ìbàdí náà mọ́lẹ̀ gan-an, oríṣi ti fáktórì. Ó tún gbá mi lọ́wọ́. Ó ní ìbàdí aṣọ dídà, ọwọ́ la fi ń rán an, lóréfèé, títí ẹni tó ni ín yóò fi wọ̀ ọ́ lójú ẹni. Ẹ̀rọ ló kẹ́yìn.

Ọwọ́ mi ń ta mí. Síbẹ̀ mo rí i lẹ́ẹ̀kan, bí aṣọ náà ṣe rọra ṣubú. Bí omi.

Ọjọ́ Ajé, 29 oṣù kẹrin

Mẹ́ta nínú àwọn ọ̀rẹ́ ìyàwó wá. Aṣọ náà dé: ṣífọ́ọ̀nù fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, àwọ̀ ewé tó ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ. Dulani nínú wọn ni ẹnu rẹ̀ mú bí abẹ. Àńtí Fáktórì ló ń pè mí. Ó ní kí n má gbàgbé, kí n má lọ fi kọ́là sí i. Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Èmi náà rín. Kí ni n bá ṣe?

Ọjọ́bọ̀, 2 oṣù karùn-ún

Ọ̀rẹ́ ìyàwó kẹrin, Rosanthi, ń bẹ ní Ítálì, ó ń tọ́jú ìyá arúgbó kan níbẹ̀. Ó ku ọjọ́ díẹ̀ kí ìgbéyàwó pé ni yóò tó dé. Ó fi ìwọ̀n ara rẹ̀ ránṣẹ́ lórí fóònù.

Amma kò fẹ́ràn nọ́ńbà. Ó ní nọ́ńbà kì í dúró, kì í jókòó, kì í mí. Ó gé okùn àwọ̀n tí Ẹni Òkun fi sílẹ̀ lẹ́yìn ilẹ̀kùn — okùn àwọ̀n kì í fà — ó wọn ìbàdí Rosanthi sórí rẹ̀, ó ta kókó síbẹ̀. Ó wá fi yí ìbàdí mi ká.

Orí okùn dé ìdí kókó gẹ́lẹ́.

"Hẹ̀n-ẹ́n," ló wí. "Ọlọ́run ti fún wa ní ère tó lórí."

Èmi ni Rosanthi báyìí, títí yóò fi dé. Ó so okùn náà kọ́ ìṣó lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwòrán Àǹtóníọ̀ Mímọ́.

Ọjọ́ Ajé, 6 oṣù karùn-ún

Òjò. Kò sí ìròyìn láti ojú òkun.

Ẹtì, 10 oṣù karùn-ún

Lónìí a da aṣọ Rosanthi sí mi lára. Amma ṣe ẹ̀yìn, ó ní kí n wo dígí kí n ṣe iwájú fúnra mi, torí ojú òun ò rí pínnì mọ́ bí kò bá tàn. Mo gbé apá sókè títí ó fi kú. Ṣùgbọ́n pílíìtì èjìká náà — èmi ni mo pa á. Èmi. Amma fi ọwọ́ pa á láti òkè dé ilẹ̀, kò rí àṣìṣe kan tọ́ka sí. Ìyìn rẹ̀ nìyẹn.

Mo wo ara mi pẹ́ nínú dígí. Ẹni tó ti relé ọkọ kì í ṣe ọ̀rẹ́ ìyàwó mọ́. Èmi náà ò ní ọ̀rẹ́ ìyàwó kankan lọ́jọ́ tèmi, àfi ọmọ fáktórì kan tó gba àyè wá. Mo kàn wò ó ni. Mo bọ́ ọ.

Ọjọ́rú, 15 oṣù karùn-ún

Aṣọ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wà lórí okùn ìsáṣọ nínú pálọ̀. Amma ní kí aṣọ sùn, kí ó wálẹ̀ dé ibi tó máa wálẹ̀ dé.

Ẹja gbígbẹ etí òkun ń rùn wọlé. Láti oṣù kìíní ló ti ń rùn, kò ṣe mí ní nǹkan kan. Lónìí mo sá jáde lọ bì. Mo ní ìrẹsì àná ni. Amma wò mí.

Àbámẹ́ta, 18 oṣù karùn-ún

Mo wọ aṣọ Rosanthi, kí n wò bó ṣe sùn. Pílíìtì ìbàdí kò pàdé níbi tí a fi ẹfun sàmì sí.

Mo bọ́ ọ. Mo tún un wọ̀. Kò pàdé.

Ṣé aṣọ náà ló súnkì? Tàbí èmi ni mo fà á bíi kọ́là? Amma wà lọ́jà. Mo tú ìránṣọ ọwọ́ náà díẹ̀, mo sún pílíìtì, mo tún un rán. Ó wá jókòó dáadáa. Mo pa àmì ẹfun tó wà níbẹ̀ rẹ́, mo fi òmíràn síbẹ̀.

Bí ẹni jalè ni mo ń wo ẹnu ọ̀nà.

Ọjọ́rú, 22 oṣù karùn-ún

Ó tún ṣe é. Mo tún un sún. Bí Amma ṣe ń wọlé ni mo ń fa síìpù.

"Ó bá ọ mu?"

"Ó bá mi mu, Amma."

Irọ́ àkọ́kọ́ tí mo pa nílé ọkọ. Tí n bá sọ òótọ́, yóò ní ọwọ́ fáktórì ò lè yí padà. Ọ̀sẹ̀ kan ló kù kí Rosanthi dé. Ọ̀sẹ̀ kan kí n fi ara pamọ́, kí n sì di ẹni tó jókòó nídìí tábìlì Amma.

Àìkú, 26 oṣù karùn-ún

Ìjì. Òkun ń hó. Ní ṣọ́ọ̀ṣì gbogbo àwa tí ọkọ wa wà lójú omi jókòó pọ̀ láìṣe pé a jọ ṣàdéhùn. Wọ́n ní wọ́n ti gbọ́ ohùn àwọn tó wà níhà gúúsù lórí rédíò, ara wọn le. Àwọn ta? Kò sẹ́ni tó mọ̀.

Mo jẹ máńgòrò àìpọ́n oníyọ̀ àti ata. Mo tún jẹ òmíràn. Mi ò lè jókòó, mi ò lè dìde. Mo tún lọ wo aṣọ náà. Mo sún un díẹ̀ sí i.

Ọjọ́rú, 29 oṣù karùn-ún

Rosanthi dé. Ó tẹ́ẹ́rẹ́, ó ń rẹ́rìn-ín, ó mú ọṣẹ Ítálì wá fún wa. Sheroma wá, ìyá rẹ̀ wá, Dulani tẹ̀ lé wọn wá wòran. Rosanthi wọ aṣọ.

Èjìká dúró re. Láti ibẹ̀ lọ sísàlẹ̀ — ìwé, mi ò mọ bí n ó ṣe kọ ọ́. Ìbàdí náà ṣí kalẹ̀ bí agboòrùn. Àyè tó wà níwájú ikùn gba odindi igbá ìrẹsì.

Dulani ló kọ́kọ́ lanu: "Àńtí Fáktórì, aṣọ aboyún lẹ rán yìí?"

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Sheroma ò rín. Omi ń bọ́ lójú rẹ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, kò pariwo, ìyẹn ló dùn mí jù. Ìyá rẹ̀ yíjú sí Amma, ó ní ohun tí ojú ẹni tó fi ọmọ fáktórì sídìí iṣẹ́ ọnà ń rí nìyẹn. Amma ní kí wọ́n fi aṣọ sílẹ̀ dọ̀la. Ohùn rẹ̀ kéré.

Mo wọ yàrá lọ. Mo ki aṣọ mi díẹ̀ bọ báàgì tí mo gbé wá nígbà ìgbéyàwó.

Ọjọ́ kan náà

N óò kọ ọ́ kí n má baà gbàgbé.

Amma wọlé láìkan ilẹ̀kùn. Okùn àwọ̀n wà lọ́wọ́ rẹ̀. Mo kúnlẹ̀. Mo ní èmi ni mo ń sún ìbàdí náà, lẹ́ẹ̀mẹta, àti pé mo parọ́. Ó ní kí n dìde. Ó fi okùn yí ìbàdí mi ká, ó sì ń fi ìka wá kókó, torí ojú ò gbé e. Orí okùn kò dé ibẹ̀. Ó tún un fà. Kò dé ibẹ̀.

Ó jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì.

"Ìgbà wo lo rí nǹkan oṣù rẹ kẹ́yìn?"

Mo ronú. Kí Àjíǹde tó dé. Ó tilẹ̀ ti ṣáájú rẹ̀ dáadáa. Mo sọ pé omi ibí ni mo rò ó sí, pé ní fáktórì, gbogbo wa máa ń fo oṣù.

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín. Mi ò gbọ́ ẹ̀rín rẹ̀ rí, bíi ti ọmọdé ló rí. Ó ní Dulani ti sọ ọ́ lójú gbogbo wa, a ò gbọ́. Ó ní ẹja gbígbẹ ti kọ́kọ́ sọ ọ́ fún òun, ṣùgbọ́n òun ò fẹ́ yọ̀ ṣáájú àkókò.

Mo ń sunkún, mi ò mọ èyí tí mo ń sun.

"Nígbà tí kò pàdé, kí ló dé tí o kò sọ fún mi?"

"Ẹ̀rù yín ń bà mí, Amma."

Ó ní òun náà bẹ̀rù ìyá ọkọ òun títí wọ́n fi gbé e sin. Ó da báàgì mi dé sórí bẹ́ẹ̀dì, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ká aṣọ mi padà sínú àpótí, ọ̀kọ̀ọ̀kan.

"Aṣọ náà ò bàjẹ́, ọmọ mi. Ìwọ lo yí padà."

Ọmọ mi. Kì í ṣe ìyàwó.

Ọjọ́bọ̀, 30 oṣù karùn-ún

Torí pé ọwọ́ la fi rán ìbàdí, wọ́ọ́rọ́wọ́ ló tú. Amma jókòó, ó fi ọwọ́ méjèèjì sábẹ́ itan rẹ̀ kí ó má baà bá mi dá sí i. Èmi nìkan ni. Ara ẹlòmíràn, kì í ṣe tèmi, kì í ṣe ti Àńtí Aláìlórí. Mo jẹ́ kó wálẹ̀ fúnra rẹ̀.

Rosanthi dúró jẹ́ẹ́. Ó ní ojoojúmọ́ lòun ń wẹ ìyá arúgbó yẹn, tí òun ń wọṣọ fún un, ó sì ti tó ọdún méjì tí ẹnikẹ́ni ti tún aṣọ ṣe sí òun lára kẹ́yìn. Ó di ojú rẹ̀. Mo rọra ń ṣe é, kó lè pẹ́ díẹ̀.

Ó bá a mu. Amma fọwọ́ wá a yíká ìbàdí, ó ní kí n gbé e lọ sídìí ẹ̀rọ.

Àbámẹ́ta, 1 oṣù kẹfà

Mo jókòó sẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì. Afẹ́fẹ́ òkun gba ẹnu ọ̀nà wọlé bí wọ́n ṣe ń rìn bọ̀, aṣọ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin mì lẹ́ẹ̀kan náà, wọ́n sì padà sí ipò wọn. Dulani ṣẹ́jú sí mi. Ìyá Sheroma ò wò mí rárá. Bó ṣe wù ú nìyẹn.

Ṣùgbọ́n ọ̀la ni ọ̀sẹ̀ mẹ́fà pé. Kò sí ọkọ̀.

Ọjọ́ Ajé, 3 oṣù kẹfà

Obìnrin kan wá láti Wennappuwa, ọ̀rẹ́ ìyàwó márùn-ún. Ó ní ọ̀kan nínú wọn wà ní Ítálì, ṣé a lè bá a dà á sára ẹnì kan. Amma nawọ́ sí mi.

"Òun ló ń dà á. Àmọ́ ẹ má fi ṣe ère. Ara tirẹ̀ ti gba àlejò."

Ojú tì mí débi pé mo wọ ẹ̀yìn Àńtí Aláìlórí lọ. Inú mi dùn. Síbẹ̀ gbogbo ìgbà tí ajá bá gbó ni mo ń yọjú sọ́nà. Amma náà ń yọjú. A kì í wo ara wa.

Ọjọ́rú, 5 oṣù kẹfà

Kí ilẹ̀ tó mọ́ tán ni wọ́n kígbe pé ọkọ̀ mẹ́ta ti wọ ọ̀sà. Tirẹ̀ ni ìkẹta.

Amma kò jẹ́ kí n sáré. Ó kọ́kọ́ yí okùn náà mọ́ ìbàdí mi, ó ta kókó mìíràn níbi tí mo dé lónìí, ó fi lé mi lọ́wọ́. Ó ní òun ò ní bá mi sọ ọ́, ọmọ òun ò gbọ́ ọ̀rọ̀ rí, àfi okùn.

Ẹni Òkun ti dúdú, iyọ̀ funfun wà ní irùngbọ̀n rẹ̀. Amma àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń wò wá. Mo kàn na okùn náà sí i. Ó dá a mọ̀, tirẹ̀ ni. Ó fi àtàǹpàkò wá kókó àkọ́kọ́, ó wá ìkejì. Ó ní àwọ̀n wo ni wọ́n ń ta kókó rẹ̀ súnmọ́ra báyìí, ẹja wo ni wọ́n fẹ́ fi pa.

Mo gba okùn. Mo fi yí ìbàdí mi ká lójú gbogbo wọn, mo sì fi ìka rẹ̀ lé kókó àkọ́kọ́, ibi tí orí okùn kò lè dé mọ́.

Ó wò ó. Ó wò mí. Ó jókòó sílẹ̀ nínú iyanrìn, tòun ti bàtà òkun lẹ́sẹ̀.

Mo ní, "Anslem, dìde."