Áyọ́ọ̀nù Bàbá Yín àti Tẹ̀tẹ̀ Tí Kò Hù

Afínjú ilé wa,

Èmi ìyàwó tuntun bàbá yín ni mo ń kọ̀wé yìí. Ẹ kọ́kọ́ dárí ọwọ́ ìkọ̀wé mi jì mí. Kíláàsì kẹrin ni mo dé tí mo fi ilé ìwé sílẹ̀, ọ̀rọ̀ kì í tètè wá sí mi lọ́wọ́, ẹnu gan-an ò sì fi bẹ́ẹ̀ yá. Tí ẹ bá rí ibi tí mo ti pa ọ̀rọ̀ rẹ́, ẹ fò ó, ìtìjú ló wà níbẹ̀. Ṣé àlàáfíà lẹ wà? Ṣé iṣẹ́ ń lọ? Ilé tí ẹ ń gbé lókè téńté yẹn, ṣé kì í mì? Ọlọ́run á máa gbé yín gòkè, á sì máa sọ̀ yín kalẹ̀ jẹ́jẹ́. N kò tíì mọ ohun tí mo lè máa pè yín. Bàbá yín ní kí n máa pè yín ní ọmọ mi, àmọ́ ẹ̀gbọ́n wọn obìnrin ní ẹni tó wọlé láti oṣù mẹ́ta ò lè ti bí ọmọ tó ń ṣiṣẹ́ ọ́fíìsì. Ìdí nìyí tí mo fi ń pè yín ní Afínjú títí ẹjọ́ yẹn á fi parí.

Ọ̀rọ̀ ebè ẹ̀yìnkùlé ni mo bá wá, ibi tí ìyá yín tó ti lọ sinmi máa ń gbin tẹ̀tẹ̀ sí. Irúgbìn tí wọ́n fi sílẹ̀ nínú ìgò ò ju ìkúnwọ́ kan lọ, ẹ̀yin lẹ sì fi fíìmù ránṣẹ́ sórí fóònù bàbá yín pé kí n má kàn fọ́n ọn ká, kí n lẹ̀ ẹ́ mọ́ bébà kó má bàa ṣòfò. Ẹ ṣeun. Mo wo obìnrin inú fóònù yẹn dáadáa. Mo kí i kú iṣẹ́ lẹ́ẹ̀mẹ́ta, kò dáhùn. Mo ní kó rọra sọ̀rọ̀, ńṣe ló ń sáré lọ. Ó jọ pé iṣẹ́ ló pọ̀ fún un, mo ti dárí jì í. Ó gé bébà ìnùdí tẹ́ẹ́rẹ́, ó po ìyẹ̀fun mọ́ omi títí ó fi ki bíi gọ́ọ̀mù, ó fi igi ìtayín tò ó sórí bébà ní ẹ̀kán ẹ̀kán, ó wá fi hóró kọ̀ọ̀kan lé e. Tó bá ti gbẹ, a ó ká a bíi bándéèjì, a ó tẹ́ ẹ sínú poro, a ó fi iyẹ̀pẹ̀ bò ó. Bébà á jẹrà, ẹ̀fọ́ á tò.

Ẹ̀gbọ́n bàbá yín fẹ́ràn mi gan-an ni, débi pé wọn kì í bọ́jú láàárọ̀ kí wọ́n tó wá wo ohun tí mo ń ṣe. Wọ́n dúró tì mí. Wọ́n ní àwọn ò rí irú rẹ̀ rí, bébà ìnùdí fún ẹ̀fọ́ tí kò tíì jẹun. Mo rẹ́rìn-ín. Kí ni mo fẹ́ ṣe?

Bàbá yín ní tiwọn gbé tépù dé. Ẹ mọ̀ pé télọ̀ tó ti fẹ̀yìn tì ò mọ bí wọ́n ṣe ń fẹ̀yìn tì. Wọ́n wọn bébà, wọ́n fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sí i, wọ́n fi ínṣì méjì kún àlàfo kọ̀ọ̀kan, wọ́n ní ẹ̀fọ́ lè sanra lọ́jọ́ iwájú. Méjìlá la ṣe. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí àwa méjèèjì jọ jókòó sídìí iṣẹ́ kan tí èjìká wa ń kan ara wọn. Ẹ má sọ fún wọn pé mo kọ ìyẹn o.

Mo lọ pọnmi. Kí n tó dé, bébà ti gbẹ, ó sì ti ká kò, bẹ́ẹ̀ ohun tó bá ti rún, bàbá yín ò lè fi í sílẹ̀. Wọ́n ti kó ẹ̀yín iná sínú áyọ́ọ̀nù, wọ́n wọ́n omi sí i, wọ́n lọ gbogbo rẹ̀ tojú tẹ̀yìn. Ó le gbọn-ín bíi kọ́là ṣẹ́ẹ̀tì, ó sì ń ta sánsán bí ìgbà tí èèyàn yan nǹkan. Wọ́n ní kí n wò ó, pé obìnrin inú fóònù ò mọ iṣẹ́ parí. Mo dúpẹ́. Ó dán lóòótọ́.

A gbìn ín. Ọ̀sẹ̀ méjì, kò sí nǹkan kan. Bàbá yín ń bomi rin ín, ẹ̀gbọ́n wọn ń bá mi bèèrè láràárọ̀ bóyá ẹ̀fọ́ ti jí lójú oorun. Nígbà tó yá, ẹ̀gbọ́n wọn ò fi ṣe yẹ̀yẹ́ mọ́. Wọ́n ní ilẹ̀ ìyá yín ló kọ̀ mí, pé tí ẹ bá wálé ní ìparí oṣù, àwọn á mú yín dé ìdí ebè náà kí ẹ fojú ara yín rí irú ẹni tí bàbá yín gbé wálé.

Àfi bí mo ṣe ń gbálẹ̀ lọ́sẹ̀ tó kọjá tí mo rí bébà kan lẹ́yìn ẹ̀rọ ìránṣọ. Ó ti jábọ́ kí áyọ́ọ̀nù tó kàn án. Mo bu iyẹ̀pẹ̀ ebè yẹn gan-an sínú abọ́ fífọ́, mo tẹ́ ẹ síbẹ̀, mo gbé e pamọ́ sẹ́yìn àgbá omi. Lọ́jọ́ kẹrin, ó hù! Ó pupa fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, ó tò gbọọrọ bí ojú ìránṣọ bàbá yín. Ilẹ̀ ò kọ̀ mí, Afínjú. A ti se irúgbìn ni kó tó dé ilẹ̀.

Mo gbọn ìsàlẹ̀ ìgò, èyí tó kù ò ju ti bébà mẹ́rin lọ. Mo ti lẹ̀ ẹ́, ó ń gbẹ lórí tábìlì. Tí èyí bá bàjẹ́, tẹ̀tẹ̀ ìyá yín tán nìyẹn. N kò sì tíì lè sọ fún bàbá yín. Báwo ni ìyàwó oṣù mẹ́ta ṣe fẹ́ wo ojú ọkọ rẹ̀ kó sọ pé áyọ́ọ̀nù ọkọ náà ló se irúgbìn? Ìfẹ́ ni wọ́n fi lọ̀ ọ́. Ẹ dákun, ẹ bá mi pè wọ́n, kí ẹ sọ ọ́ bí ẹni pé ibòmíràn lẹ ti gbọ́ ọ, pé irúgbìn ò fẹ́ iná.

Tí owó díẹ̀ bá wà, ẹ fi ra bébà àti ìyẹ̀fun fún mi, torí ẹ̀gbọ́n bàbá yín ti kó bébà tó kù sí yàrá wọn, wọ́n ní kí n má bàa gbin ìyẹn náà. Ẹ fi rán awakọ̀ o. Èyí tí ẹ ní ẹ fi sínú fóònù lóṣù tó kọjá, a mi fóònù náà títí, a tú ẹ̀yìn rẹ̀, bátìrì nìkan la bá níbẹ̀.

Ọlọ́run á jẹ́ kí gbogbo ohun tí ẹ bá fọwọ́ kàn hù. Ẹni tó fẹ́ràn yín ò ní fi ìfẹ́ jó iṣẹ́ ọwọ́ yín. Ẹ ó wálé láyọ̀, ẹ ó sì bá mi

Ẹ jọ̀ọ́, bàbá yín ló ń pè mí láti yàrá ìránṣọ. Wọ́n ní àwọn rí bébà mẹ́rin lórí tábìlì tó rún wúruwùru, kí n má ṣèyọnu, áyọ́ọ̀nù ti gbóná. Háà! Ọmọ mi, ẹ dúró dè mí, òní ni mo máa la ẹnu mi nínú ilé yìí, mo máa sọ fún wọn pé