Ìdáríjì Tí Mo Fi Ìṣó Kọ́ Sára Ògiri

                                        Ṣọ́ọ̀bù Ìránṣọ,
                                        Ẹ̀yìn Ilé Ìwé Alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀,
                                        Ọjọ́ kọkànlá, oṣù kẹta.

Òwú, ọ̀rẹ́ mi ọ̀wọ́n,

Ṣé dáadáa ni o wà? Ọkọ rẹ ńkọ́? Àwọn ọmọ ńkọ́? Ẹ̀yìn tó ń dùn ọ́ nítorí ìjókòó maṣíìnì, ṣé ó ti fúyẹ́? Tèmi náà wà níbẹ̀, a jọ ń gbé e kiri ni. A dúpẹ́ pé ẹ̀mí wà.

Mo mọ̀ pé àbúrò mi wà lọ́dọ̀ rẹ láti ìjẹta. Bí mo ṣe mọ̀ ọ́n, kò ní tíì sọ nǹkan kan, yóò kàn máa bá ọ fọ abọ́ ni. Nítorí náà, èmi ni kí n sọ ọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ojú ń tì mí débi pé mo ti ń kọ lẹ́tà yìí, mo ń ya á dànù láti àárọ̀.

O rántí aṣọ ẹgbẹ́ akọrin ìjọ wa tí wọ́n gbé fún mi rán lọ́dún tó kọjá. Àbúrò mi gbé áyọ́ọ̀nù lé àyà aṣọ olórí akọrin, ẹnìkan pè é, ó yíjú, aṣọ di ihò. Ó sunkún, ó kúnlẹ̀. Mo ní mo ti dárí jì í, kódà níwájú pásítọ̀ ni mo ti sọ ọ́. Mo rán òmíràn fún olórí akọrin. Àmọ́ mo kan ìṣó mọ́ ògiri tó kọjú sí àga ọmọ yìí, mo sì fi aṣọ jíjó náà kọ́ ọ. Mo ní kó lè máa fi kọ́gbọ́n ni. Tó bá ti gbé áyọ́ọ̀nù, màá wúkọ́, màá wo ògiri. Oníbàárà tó bá béèrè, màá ròyìn fún un títí dórí bí èéfín ṣe rú. O mọ̀ mí, ọ̀gá tó kọ́ àwa méjèèjì níṣẹ́ ò ṣàdédé sọ mí ní Abẹ́rẹ́. Ọmọ tó máa ń kọrin nídìí iṣẹ́ látàárọ̀ dalẹ́ dákẹ́, mo rò pé ó ti gbọ́n ni.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, Ìyá Tíṣà, tíṣà àgbà tó ti fẹ̀yìn tì ládùúgbò wa, gbé aṣọ wá. Òun ni ọkọ rẹ̀ rà fún un kẹ́yìn kó tó kú. Òwú, aṣọ tó ní ojú kan ṣoṣo, tí ẹ̀yìn rẹ̀ kò jọ iwájú, mi ò ṣẹ́ ẹ po, mo gé e, mo tún gé ìkejì láìyí bébà tí mo fi ń gé e padà. Apá òsì méjì ni mo gé fún iwájú búláúsì kan! Nǹkan tí ọ̀gá wa máa ń tìtorí ẹ̀ lù wá nígbà tá a ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Aṣọ ò sì ṣẹ́kù.

Mo kó o lọ sílé rẹ̀, mo kúnlẹ̀. Ó gbé e lé itan, ó ń fọwọ́ pa á, omi lé sí i lójú. Ó ní, "Dìde. Mo ti dárí jì ẹ́." Ọjọ́ kejì mo tún lọ bẹ̀ ẹ́. Ó ti fi apá òsì méjèèjì rán aṣọ ìrọ̀rí!

"Ẹ̀bẹ̀ kí ló tún kù?" ló bi mí. "Ọlọ́run dárí jì mí tán pátá, kò ṣẹ́ díẹ̀ kù. Ṣé èmi ni màá wá ṣẹ́ tìẹ kù?"

Ìjẹta, ó wọ ṣọ́ọ̀bù pẹ̀lú aṣọ mìíràn. Èmi náà ló tún gbé e fún! Inú mi dùn débi pé mò ń wá tépù kiri, ó sì wà lọ́rùn mi. Bí mo ṣe ń wọ̀n ọ́n ló rí ara ògiri, ó ní, "Kí nìyí?" Ẹnu mi ti mọ ọ̀nà. Mo ròyìn ẹ̀ títí mo fi dé ibi èéfín, àbúrò mi sì jókòó síbẹ̀, ó ń tú òwú tí kò takókó.

"O ò tíì dárí jì í ni?"

"Haa, ó ti pẹ́, Mà. Pásítọ̀ gan-an gbọ́."

"Aṣọ yẹn ni kò tíì gbọ́."

Mi ò lè gbójú sókè. Nígbà tí Ìyá Tíṣà lọ, mo dojú kọ maṣíìnì. Àbúrò mi ká aṣọ iṣẹ́ rẹ̀, ó ní òun ń bọ̀. Ọ̀dọ̀ rẹ ló gbà lọ.

Àdúrà ò já geere lẹ́nu mi mọ́ láti ìgbà náà. Gbogbo ọjọ́ Ìsinmi ni mò ń kúnlẹ̀ tọrọ àforíjì, tí màá sì dìde bí ẹni tí wọ́n sọ ẹrù kalẹ̀ lórí rẹ̀. Ká ní Ọlọ́run ń fi ẹ̀ṣẹ̀ mi kọ́ bí mo ṣe fi ti ọmọ yìí kọ́, ògiri wo lọ́run ni ì bá gbà á? Ìṣó tó tọ́ sí mi, ọwọ́ Jésù ló wọ̀. Èmi wá lọ ra ìṣó tèmi. Àwọn àgbà ní ẹni tó bá ta ará ilé rẹ̀ lọ́pọ̀ kò ní rí i rà lọ́wọ̀n-ọ́n, ẹ̀rù rẹ̀ ló ń bà mí báyìí.

Jọ̀wọ́, bá mi bẹ̀ ẹ́. Má sọ fún un pé mo dárí jì í, ọ̀rọ̀ yẹn ti bàjẹ́ lẹ́nu mi. Kí òun dárí jì mí ni. Mo ti já aṣọ náà wálẹ̀. Èyí tí áyọ́ọ̀nù bẹ̀rẹ̀, iná ìdáná ti bá a parí ẹ̀. Àmọ́ ojú mi ṣì ń lọ síbẹ̀ nítorí ìṣó. Lánàá mo yá ẹ̀mú lọ́wọ́ káfíńtà, mo fà á yọ, mo dí ihò rẹ̀, mo sì kùn ún.

Bá mi kí ọkọ rẹ, kí o sì gbá àwọn ọmọ mọ́ra fún mi. Sọ fún àbúrò mi pé áyọ́ọ̀nù wà níbi tó máa ń gbé e sí, mi ò sì ní wúkọ́. Bó bá béèrè ohun tó wà lára ògiri báyìí, sọ fún un pé kò sí nǹkan kan níbẹ̀.

                                        Èmi ni tìrẹ,
                                        Abẹ́rẹ́.