Ẹ Má Ta Òpó Iwájú Ilé Wa

Ẹ kú ilé o, ìyá mi l'Ọ̀kà. Mo kí Ẹ̀gbọ́n Sùlé, mo kí àwọn ìyàwó ilé. Mo kí ẹni tó ń ka ìwé yìí fún yín. Kó má fo ọ̀rọ̀ kankan, kódà èyí tí yóò bí Ẹ̀gbọ́n nínú. Inú ìwé ìròyìn ni mo ní kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ sí, kí gbogbo ará Àkókó lè bá mi dá sí i.

Ibi tí ọkọ̀ òkun tí mo ń kó èédú sí iná rẹ̀ gbé wa lọ, yìnyín ni ilẹ̀, yìnyín ni òkun. Àbùùbùtán, ẹja tó ju ilé lọ, ni òyìnbó ń pa níbẹ̀ nítorí òróró. Wọ́n yọ owó ẹ̀wù onírun nínú owó iṣẹ́ mi, síbẹ̀ òtútù wọ̀ mí dé egungun.

Inúìtì ni àwọn tó ni ilẹ̀ náà ń jẹ́. Ìlù wọn pẹlẹbẹ bí asẹ́. Etí igi rẹ̀ ni wọ́n ń lù, kì í ṣe awọ. Lọ́jọ́ kan mo bá obìnrin méjì tí wọ́n di ara wọn mú lápá, ojú kojú, tí wọ́n ń mí kíkankíkan láti inú ọ̀fun bí ẹni tó fẹ́ bu ara wọn jẹ. Ọmọ Ọ̀kà kì í wo ìjà níran. Mo bọ́ sáàárín wọn, mo dọ̀bálẹ̀, mo ń bẹ̀ wọ́n. Ni gbogbo ilé bá bú sẹ́rìn-ín. Àṣé orin ni! Ẹni tó bá kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín ló pàdánù, èmi sì mú kí àwọn méjèèjì pàdánù. Wọ́n ní kí n jókòó, wọ́n tún un kọ. Ìyá mi, mo gbọ́ ẹ̀fúùfù nínú rẹ̀, mo gbọ́ ajá tó ń sáré. Omi bọ́ lójú mi.

Ìyá àgbà kan níbẹ̀ fi eyín ẹranko òkun gbẹ́ mi: ọkùnrin kékeré tó dọ̀bálẹ̀ láàárín obìnrin méjì. Kò gùn ju ìka mi lọ, síbẹ̀ àpá iwájú orí mi wà níbẹ̀. Ó fi ta mí lọ́rẹ. Ọ̀gá ọkọ̀ gbà á lọ́wọ́ mi, ó ní ohunkóhun tó bá ti jẹ́ eyín, ti ọkọ̀ ni. Nígbà tí a gúnlẹ̀ sí Ìlú Òyìnbó, mo rí i nínú àpótí onígíláàsì ní ṣọ́ọ̀bù kan. Iye rẹ̀ ju owó iṣẹ́ mi oṣù mẹ́ta lọ. Mo béèrè bóyá wọ́n mọ ẹni tó gbẹ́ ẹ. Ẹni tó ń tà á ní ṣé mo fẹ́ rà á ni àbí n kò fẹ́ rà á.

Ọjọ́ yẹn gan-an ni ìwé Ẹ̀gbọ́n Sùlé tẹ̀ mí lọ́wọ́, pé òyìnbó kan ní Ìkàrẹ́ fẹ́ ra òpó tí bàbá wa gbẹ́ síwájú ilé, pé a ó fi owó rẹ̀ ra páànù bo ilé wa, pé igi gbígbẹ lásán ni. Ẹ̀gbọ́n, ta ni obìnrin tó kúnlẹ̀ lára igi náà? Ìyá wa ni. Ta ló pọ̀n sẹ́yìn? Ẹ̀yin ni, wọn kò tíì bí mi.

N kò ra ẹ̀wù òtútù mìíràn lọ́dún yìí. Owó rẹ̀ wà lọ́wọ́ ará Ìkun kan tó ń bọ̀ wálé. Ẹ fi ra páànù, kí òpó dúró. Bí wọ́n bá ti gbé e lọ kí owó tó dé, kí wọ́n dá owó mi padà. N kò ní gba òtútù sára kí n lè bo ilé tí wọ́n ti ta ìyá mi kúrò níwájú rẹ̀.

Ọlọ́run yóò dá yín sí fún wa, ìyá mi, ẹ ó sì jẹun ọmọ. Ẹ bá mi kí ará ilé àti àwọn ará Ṣúpárè tó ń béèrè mi. Ẹ jókòó ti òpó náà, ẹ má dìde fún ẹnikẹ́ni.

Èmi ni ọmọ yín,
Làsísì