Àwọn Kantíkantí Àbúrò Rẹ

Àkọ́bí mi,

Kú iṣẹ́ o, kú ọjọ́ mẹ́ta. Ṣé dáadáa lo wà? Ṣé àwọn kantíkantí rẹ ń jẹun? Ẹni tó bá gbọ́ pé mò ń kí kòkòrò tó ń rà bàbà lórí ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó ti rà, á ní orí mi ti yí, àmọ́ tìtorí wọn lọ̀gá rẹ ṣe ń sanwó oṣù fún ẹ, kí n má kí wọn kẹ̀? Ọlọ́run ò ní jẹ́ kí ohun tí o bá ń tọ́ kú mọ́ ẹ lọ́wọ́. Àmín.

Bàbá rẹ ń kí ẹ. Ó ti lé lóṣù kan tó ti jó irin kẹ́yìn, ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà ní títì. Láti ọjọ́ tí dókítà ti ní irin ló pọ̀ jù lára Pẹ́lẹ́ńgẹ́ àbúrò rẹ, pé ó ti ba ẹ̀dọ̀ rẹ̀ jẹ́, ó sì ti ń dé ọkàn, ni bàbá rẹ ti gbà pé irin tí òun ń jó láti ọjọ́ yìí wá ló ta sọ́mọ lára. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló ń fọ ọwọ́ kó tó wọ yàrá ọmọ. Èmi náà lọ yá òòfà ẹ̀yìn sípíkà lọ́wọ́ ẹni tó ń tún rédíò ṣe, mo sì ń fi í ra àyà rẹ̀ láràárọ̀, bóyá á fa díẹ̀ jáde. Pẹ́lẹ́ńgẹ́ ní kí n gbìyànjú ìdí òun, pé ibẹ̀ ló wúwo jù. O mọ̀ pé kì í yéé ṣẹ̀fẹ̀.

O sọ fún wa lórí fóònù pé kì í ṣe irin ṣọ́ọ̀bù, pé nǹkan kan wà tí a bí mọ́ ènìyàn, tó ń wọn irin tí ara máa gbà nínú oúnjẹ, pé ti Pẹ́lẹ́ńgẹ́ ti bàjẹ́ láti inú oyún, ìdajì láti ọ̀dọ̀ mi, ìdajì láti ọ̀dọ̀ bàbá rẹ. O ní irú ẹ̀ wà lára kantíkantí, pé níbi ìwádìí yín, ẹ máa ń mọ̀ọ́mọ̀ bà á jẹ́ lára àwọn kan kẹ́ ẹ lè rí ohun tó máa tún un ṣe. Mo ní háà, àwọn ìyá kantíkantí wọ̀nyẹn ńkọ́, ṣé ẹ tiẹ̀ sọ fún wọn?

Jọ̀ọ́, jókòó kó o tó ka èyí tó kù. Dókítà ní kí wọ́n máa fa ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, pé irin á máa bá a jáde, ó sì gbé fọ́ọ̀mù fún wa. Bàbá rẹ ní ẹni tó bá tẹ̀ka sírú ìwé bẹ́ẹ̀ ti ta ẹ̀jẹ̀ ọmọ rẹ̀ fún ọsibítù, pé ọmọ tí kò lè dá dìde, ẹ̀jẹ̀ wo ló kù lára ẹ̀ tí wọ́n fẹ́ fà? Èmi náà gbà bẹ́ẹ̀. Mo ká fọ́ọ̀mù náà sábẹ́ pílò. Gbogbo ìgbà tí o pè, tí o bi mí bóyá wọ́n ti ń fà á, tí mo ní bẹ́ẹ̀ ni, irọ́ ni mo pa fún ẹ. O sunkún lọ́jọ́ kan, o ní kí n má jẹ̀ẹ́ kí wọ́n fo ọ̀sẹ̀ kan. Mo ní mi ò ní jẹ́.

Ìwọ la gbójú lé. Mo ní ọmọ mi wà níbi tí wọ́n ti ń wádìí àìsàn yìí, kí ni wọ́n ń gún èkejì lábẹ́rẹ́ fún? Èémí rẹ̀ ò gba ìrìn àjò, mo bá rò ó pé tí òun ò bá lè wá bá ẹ, kantíkantí tiẹ̀ lè wá. Mo gbé ọ̀gẹ̀dẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ kó rà, mo jẹ́ kí àwọn kantíkantí tó bà sí i mu omi tó mu kù, kí wọ́n bà lé òógùn ọrùn rẹ̀, kí wọ́n lè mú irin rẹ̀ sára. Òun fúnra rẹ̀ ló fi ìgò mú wọn. Ọ̀kan wà níbẹ̀ tí kì í jókòó sójú kan, ó ní ìwọ nìyẹn.

Láàárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun mo gbé omi ìwẹ̀ wọlé. Ìgò wà láyà rẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ ṣì dì í mú, àwọn kantíkantí ń rìn kiri nínú ẹ̀. Pẹ́lẹ́ńgẹ́ ò mí mọ́. Ọmọ mi, àbúrò rẹ ti lọ. A ti sin ín. Bàbá rẹ ò jẹ́ kí wọ́n kan ìṣó kankan mọ́ pósí, okùn la fi dì í. A ò pè ẹ́, torí fóònù lè já láàárín irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Wọ́n ní ìka tó bá ṣẹ̀ lọba ń gé. Èmi ni mo ṣẹ̀, ọmọ ni wọ́n gé.

Dírẹ́bà tó gbé lẹ́tà yìí fún ẹ ló gbé ìgò náà. Aṣọ ni mo fi bò ó lẹ́nu kí wọ́n lè mí. Bá mi wò wọ́n dáadáa. Kó o sì lọ yẹ ara tìrẹ náà wò lọ́la, má jẹ̀ẹ́ kó di ọ̀túnla. Tí wọ́n bá gbé fọ́ọ̀mù wá, tẹ̀ka sí i. Kí wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ náà.

Owó oògùn tí o máa ń fi ránṣẹ́, má fi ránṣẹ́ mọ́, fi ra ọ̀gẹ̀dẹ̀ fún wọn. Tí nǹkan bá ṣẹ́kù, fi díẹ̀ ránṣẹ́ kí n fi ra ọṣẹ fún bàbá rẹ, torí kò tíì yéé fọ ọwọ́.

Ọlọ́run á dá ẹ sí fún mi. Wàá sin mí, mi ò ní sin ìwọ náà. Èyí tí kì í jókòó sójú kan yẹn, jọ̀ọ́, má jẹ̀ẹ́ kó kú.

Èmi ni,
Ìyá rẹ.