Ọjọ́ Tí Èpò Mú Bàbá Rẹ Lójú Omi

Ẹ̀yìn Ilé Ìfìwéránṣẹ́,
Ìyànà Ọ̀fà, Lagelu,
Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́.
Ọjọ́ kejìlá, oṣù kẹwàá, ọdún 2024.

Tìmílẹ́hìn, ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Mo kí ọ, mo kí ọkọ rẹ, mo sì kí àwọn ọmọ. Àdúrà mi ni pé kí lẹ́tà yìí bá gbogbo yín nínú ara líle àti ìfọ̀kànbalẹ̀, kí òtútù Jọ́ọ̀sì má sì fi yín ṣe ohun tí kò dára. Àwa náà wà láàyè níbí, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ní Sátidé tó kọjá, díẹ̀ ló kù kó jẹ́ irú lẹ́tà mìíràn ni mò ń kọ sí ọ.

Ó lè yà ọ́ lẹ́nu pé mo ń kọ lẹ́tà nígbà tí fóònù wà. Ohun tó fà á ni pé gbogbo ìgbà tí o bá pè, bàbá rẹ á ti wá jókòó tì mí, wọ́n á ní kí n tẹ ẹ́ kó máa sọ̀rọ̀ síta, wọ́n á sì gba ọ̀rọ̀ mọ́ mi lẹ́nu. Lọ́jọ́ Àìkú tí o pè, ìwọ náà gbọ́ tí wọ́n ní, "A gbafẹ́ dáadáa lójú omi, ara tù wá." Irọ́ ni, ọmọ mi. Ẹ̀gbẹ́ wọn ni mo jókòó sí nígbà tí wọ́n ń pa á. Títíladé ọ̀rẹ́ rẹ ń padà sí Jọ́ọ̀sì lọ́la, òun ni mo fi lẹ́tà yìí rán, kí o lè gbọ́ bó ṣe rí gan-an.

O mọ̀ pé ọdún méjì rèé tí bàbá rẹ ti fẹ̀yìn tì. Ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ni wọ́n fi ṣe ìwádìí lórí èpò tó ń fún ẹ̀gẹ́ àti àgbàdo lọ́rùn. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti wá sílé, ilé kò gbà mí mọ́. Wọ́n tún ìkòkò mi tò. Wọ́n ní bí mo ṣe ń sá aṣọ kò lójú. Wọ́n mú gègé, wọ́n kọ orúkọ sára gbogbo agolo tó wà nílé ìdáná, títí kan agolo iyọ̀ tí mo ti ń lò kí n tó bí ọ. Nígbà tí agolo tán, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í wo fídíò àwọn òyìnbó tó ń fi ìwọ̀ pẹja. Láti àárọ̀ ni wọ́n á ti máa wò ó títí fóònù á fi kú.

Níbi tí wọ́n ti ń wá ọ̀pá ìwọ̀ kiri ni wọ́n ti pàdé ọ̀gbẹ́ni kan tó ń jẹ́ Sanmí. Yóò tó ẹni ọdún márùndínlógójì, ó ń ta èròjà fóònù lẹ́bàá ọjà wa níbí, ẹnu rẹ̀ sì dùn ju ọjà rẹ̀ lọ. Ó sọ fún bàbá rẹ pé àwọn ará Ìbàdàn ń wá ibi tí wọn á ti máa gbafẹ́ lópin ọ̀sẹ̀, pé tí àwọn bá lè ní ọkọ̀ ojú omi mẹ́rin lórí dáàmù tó wà lẹ́yìn Lalupon, àwọn èèyàn á máa háyà rẹ̀ wá pẹja. Ó ní bàbá rẹ ni yóò jẹ́ alága. Ọ̀rọ̀ "alága" yẹn ló mú wọn. Kí ni wọ́n wá fẹ́ tà kí wọ́n tó lè ra ọkọ̀? Oko wa ní Lalupon ni, èyí tí àwa méjèèjì jọ fi owó oṣù wa rà nígbà tí o wà ní pírámárì, tí orúkọ àwa méjèèjì sì wà nínú ìwé rẹ̀. Gàrí tí mo ń fi ránṣẹ́ sí ọ, oko yẹn ni ẹ̀gẹ́ rẹ̀ ti ń wá.

Mo ní mi ò ní fọwọ́ síwèé. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ni a fi fa ọ̀rọ̀ yẹn, a ń jẹun lórí rẹ̀, a ń sùn lórí rẹ̀. Níkẹyìn wọ́n ní kí n kọ́kọ́ wá fojú ara mi wò ó. Sanmí á háyà ọkọ̀ kan fún wa fún odindi ọjọ́ kan, tí mo bá dé tí kò bá wù mí, àwọn á gbé ọ̀rọ̀ náà jù sílẹ̀. Kí etí mi lè sinmi ni mo ṣe gbà.

Aago méje àárọ̀ ni Sanmí ní ọkọ̀ á ti wà létí omi. Aago mẹ́wàá ti kọjá kó tó dé. Nígbà tó dé, mo bi Sanmí bóyá ọkọ̀ náà nìyí tàbí èyí tó wá sọ fún wa pé ọkọ̀ ń bọ̀. Pátákó rẹ̀ ti sán. Ẹ̀wù tí wọ́n ń wọ̀ kéèyàn má bàa rì, méjì péré ló wà nínú rẹ̀, ti ọmọdé sì ni méjèèjì. Èyí tí mo wọ̀ dúró sí mi lọ́rùn bí aṣọ tí wọ́n ń so mọ́ ìkókó lọ́rùn tó bá fẹ́ jẹun. Ẹni tó ni ọkọ̀ fẹ́ bá wa lọ, àmọ́ bàbá rẹ ní kó dúró, pé ọkọ̀ náà á wúwo jù, àti pé Sanmí mọ̀ ọ́n wà. Mo bi Sanmí léèrè fúnra mi. Ó ní, "Ẹ fọkàn balẹ̀, Mà. Kò sí nǹkan kan níbẹ̀." Láti ìgbà tí mo ti dáyé, mi ò tíì gbọ́ kí ẹnì kan sọ bẹ́ẹ̀ kí nǹkan má wà níbẹ̀.

Ìwọ̀ àkọ́kọ́ tí bàbá rẹ jù, fìlà orí ara wọn ló gbé. Ìkejì gbé apá aṣọ Sanmí. Oòrùn ti pa ekòló tó yẹ ká fi ṣe ìdẹ. Kúlà oúnjẹ tí mo sè láti ìdájí, Sanmí gbàgbé rẹ̀ sínú mọ́tò. Ẹja kan ṣoṣo tí a rí lọ́jọ́ náà ni ẹpìyà kékeré kan tó fúnra rẹ̀ fò wọnú ọkọ̀, tó wo ojú wa, tó sì tún fò padà sínú omi.

Ọ̀sán ń pọ́n lọ nígbà tí Sanmí ní òun mọ ibi tí ẹja pọ̀ sí. Ó darí ọkọ̀ sí ibi tí omi ti wọ abẹ́ igi. Ojú oró bo gbogbo ibẹ̀, ó tutù yọ̀yọ̀ bíi pápá tí màlúù kò tíì dé. Kí n tó bi í bóyá a lè gba ibẹ̀ kọjá, ẹ́ńjìnnì hú ikọ́ lẹ́ẹ̀mejì, ó dákẹ́. Gbòǹgbò èpò ti wé mọ́ abẹ̀bẹ̀ tó ń yí nísàlẹ̀ rẹ̀. Sanmí fi àjẹ̀ ti ọkọ̀, àjẹ̀ dá. A gbé fóònù sókè, kò sí nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Ìgbà yẹn ló tó jẹ́wọ́ fún wa pé ẹ̀ẹ̀mejì péré ni òun ti wọ ọkọ̀ ojú omi rí, ẹlòmíràn ló sì wà á.

Kí lo rò pé bàbá rẹ ń ṣe? Wọ́n nawọ́ sínú omi, wọ́n fa ewé kan tu, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé orúkọ tí àwọn onímọ̀ ń pè é, bó ṣe ń bí sí i, àti iye ọjọ́ tó fi ń di ìlọ́po méjì. Ẹni tó fi ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n bá èpò jà ni èpò mú, wọ́n sì ń yìn ín. Gbogbo wa la máa ń gbàdúrà pé ojú oró ní í lékè omi. Lọ́jọ́ náà mo fojú mi rí bó ṣe ń lékè, mi ò sì ṣe àmín.

Nígbà tó yá, wọ́n ní omi ibẹ̀ kò jìn, pé àwọn á sọ̀ kalẹ̀ ti ọkọ̀ náà jáde. Mo ní kí wọ́n má ṣe bẹ́ẹ̀. Wọ́n ní, "Ìyá Tìmí, ẹ̀rù ti máa ń bà ẹ́ jù." Wọ́n sọ̀ kalẹ̀. Lóòótọ́ omi kò jìn, kò ju orúnkún lọ. Ẹrẹ̀ tó wà lábẹ́ omi ló jìn. Kí n tó ṣẹ́jú, ó ti gbé wọn dé ìbàdí. Wọ́n gbìyànjú láti fa ẹsẹ̀ kan yọ, ó gbé wọn dé àyà.

Mo fàyà lé ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀, mo fi ọwọ́ méjèèjì di apá wọn mú. Sanmí fẹ́ wá ràn mí lọ́wọ́, ọkọ̀ tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan, omi ń wọlé. Ó di dandan kó padà lọ jókòó sí ẹ̀gbẹ́ kejì kó máa gbọ́n omi jáde. Bó ṣe ku èmi nìkan nìyẹn. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlélọ́gọ́ta ni mí, Tìmílẹ́hìn. Tí mo bá tú ọwọ́ mi sílẹ̀, mi ò mọ ibi tí wọ́n máa rì dé.

Ohun tí mo fẹ́ jẹ́wọ́ rèé. Láti ọdún méjìdínlógójì tí mo ti fẹ́ bàbá rẹ, "ẹ" ni mo máa ń pè wọ́n, nílé, lóde, nígbà tí inú bá ń bí mi pàápàá. Lọ́jọ́ náà, ẹnu mi sọ ọ́ nù. Mo ní, "Ìwọ ọkùnrin yìí, kí lo wá dé ibí? Kí lo sọ nù sínú omi? O ní ilé, o ní oko, o ní aya. O fẹ́ sọ mí di opó nítorí ẹja tí o lè rà lọ́jà." Gbogbo ohun tí mo ti ń gbé mì láti ọdún méjì ni mo sọ, títí dórí agolo iyọ̀, mo sì ń di apá wọn mú bí mo ṣe ń sọ ọ́. Nígbà tí mo sọ tán, wọ́n ní, "Fẹ̀yìntọlá, má fi mí sílẹ̀." Wọn ò fi orúkọ pè mí rí láti ìgbà tí mo ti bí ọ. Wọ́n wá ní, "Láti ọjọ́ tí mo ti fẹ̀yìn tì, mi ò tíì jí láàárọ̀ ọjọ́ kan kí ẹnì kan máa retí mi níbì kan." Mo tún di apá wọn mú ṣinṣin.

Obìnrin kan tó ń jẹ́ Alimat ni Ọlọ́run fi ṣàánú wa. Apẹja ni, abúlé kékeré kan lẹ́yìn dáàmù ló ń gbé, ó ń lọ wo àwọn ìgèrè tó dẹ sílẹ̀ fún ẹja nígbà tó gbọ́ ohùn mi. Lẹ́yìn náà ló sọ fún mi pé òun rò pé tọkọtaya kan ló ń jà létí omi, òun sì fẹ́ wá là wọ́n. Ó fi ọ̀pá ti ọkọ̀ onígi rẹ̀ débẹ̀, ó tẹ́ pátákó sórí èpò, ó so okùn mọ́ abẹ́ apá bàbá rẹ. Ó ní, "Bàbá, ẹ má bá ẹrẹ̀ jà. Ẹ dùbúlẹ̀ sẹ́yìn bí ẹni tó fẹ́ sùn, ẹ jẹ́ kó tú yín sílẹ̀ fúnra rẹ̀." Ó pẹ́, àmọ́ wọ́n jáde. Bàtà méjèèjì kò jáde, ṣòkòtò náà kò jáde. Alimat fi ọkọ̀ rẹ̀ gbé gbogbo wa padà sétí omi, ìró rẹ̀ ni bàbá rẹ sì ró wálé. Nígbà tí a dé àdúgbò, gbogbo aládùúgbò ló jókòó síta.

O rò pé ó parí níbẹ̀? Èmi náà rò bẹ́ẹ̀. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú, lẹ́yìn tí o ti pè wá tán, bàbá rẹ wá sọ fún mi wọ́ọ́rọ́wọ́ pé ìwé oko ti wà lọ́wọ́ Sanmí láti ọ̀sẹ̀ méjì, kó lè fi han ẹni tó fẹ́ rà á. Mi ò jà. Agbára ìjà ti tán lára mi. Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, mo lọ sí ṣọ́ọ̀bù Sanmí. Ó ní ìwé kò sí nítòsí, ó wà lọ́dọ̀ ẹnì kan ní Ọlọ́runṣògo ní Ìbàdàn. Mo ní kò burú, mo fa àga, mo jókòó sẹ́nu ọ̀nà. Gbogbo oníbàárà tó bá dé, mo máa kí i dáadáa, màá sì sọ fún un pé ìwé ilẹ̀ mi ni mò ń dúró gbà. Kó tó di ọ̀sán, ìwé ti dé. Sanmí dọ̀bálẹ̀, ó ní òun kò ní ètekéte lọ́kàn, pé òun gbà tọkàntọkàn pé ọ̀rọ̀ ọkọ̀ náà á yọrí sí rere. Mo wo ojú rẹ̀, mo sì gbà á gbọ́. Ohun tó tún bí mi nínú jù nìyẹn. Ká ní olè ni, ì bá rọrùn fún mi láti gbàgbé rẹ̀.

Ọmọ mi, ìdí tí mo fi kọ gbogbo èyí kì í ṣe kí o lè bá mi bínú sí bàbá rẹ. Ìbínú tèmi tó fún àwa méjèèjì. Ohun tí mo ń bẹ̀ ọ́ ni pé nígbà tí o bá tún pè, má kàn kí wọn kí o ní kí wọ́n gbé fóònù fún mi. Bi wọ́n léèrè nǹkan kan. Ṣebí o ní èpò kan ń yọ ọgbà ewébẹ̀ rẹ lẹ́nu níbẹ̀. Ya àwòrán rẹ̀ ránṣẹ́ sí wọn, kí o sì sọ fún wọn pé ọjọ́ báyìí ni o máa pè padà gbọ́ èsì. Kí o sì pè lóòótọ́ lọ́jọ́ náà, kí wọ́n má jókòó dúró lásán. Èmi á jáde lọ sẹ́yìnkùlé, màá jẹ́ kí ẹ sọ̀rọ̀ títí á fi tẹ́ yín lọ́rùn.

Ọlọ́run tó fún apá mi lágbára lọ́jọ́ Sátidé á máa di ìwọ náà mú. Ilé rẹ kò ní dà rú, àwọn ọmọ rẹ kò ní sọnù mọ́ ọ lọ́wọ́, ìwọ àti ọkọ rẹ á gbó, ẹ á tọ́, ẹ ò sì ní fi ogbó da ara yín láàmú. Bá mi gbé àwọn ọmọ mọ́ra.

Èmi ni ìyá rẹ, tí èjìká rẹ̀ ṣì ń ro ó,
Fẹ̀yìntọlá.

Ọ̀rọ̀ ìparí: Mo fẹ́ lẹ lẹ́tà yìí báyìí ni bàbá rẹ wọlé. Wọ́n ní àwọn fẹ́ lọ dá ìró Alimat padà ní Ọjọ́bọ̀, pé Alimat ránṣẹ́ bi àwọn léèrè bí àwọn obìnrin abúlé rẹ̀ ṣe lè kó èpò yẹn kúrò níbi tí wọ́n ń dẹ ìgèrè sí, ó sì ní àwọn obìnrin náà á máa retí bàbá rẹ láago mẹ́jọ. Láti àná ni wọ́n ti lọ aṣọ tí wọ́n máa wọ̀. Má jẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé mo sọ fún ọ.