Mo Ti Mọ Ẹni Tó Ń Jí Aago

Bàbá mi, ẹ kú ilé o. Ẹ kú omi, ẹ kú òkun tó ń ru, ẹ kú ìtọ́jú àwọ̀n. Mo kúnlẹ̀ kí n tó kọ gbólóhùn kan, ṣùgbọ́n ilẹ̀ ibí tutù ju kí ènìyàn kúnlẹ̀ pẹ́ lọ, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà á bẹ́ẹ̀. Mo kí Ìyé, ìyá mi. Mo kí àbúrò mi Dàpọ̀ tó ń gbé lọ́dọ̀ yín. Mo kí gbogbo ará Ugbónlà tí wọn yóò gbọ́ lẹ́tà yìí. Mo mọ̀ pé wọn yóò gbọ́ ọ, ìdí rẹ̀ sì ń bọ̀ níwájú.

Ara mi le. Iṣẹ́ kò yí padà: ní ìlú etíkun yìí ní Sikọ́tílándì, ẹja ni mò ń là láti òwúrọ̀ títí di ọ̀sán, nínú ilé kan tó tutù bí inú fíríìjì. Ìbọ̀wọ́ méjì-méjì ni mò ń wọ̀ lérí ara wọn, síbẹ̀ n kì í mọ̀ pé mo ní ìka mọ́ tó bá ti di agogo mẹ́wàá. Ẹ ní mo sá fún ẹja ní Ugbónlà, mo lọ bá ẹja nílùú òyìnbó. Òótọ́ lẹ sọ. Ọjọ́ ìsinmi ló nira jù fún mi, nítorí kò sí ẹni tí yóò kan ilẹ̀kùn kí ó bi mí bóyá mo ti jẹun.

Lọ́jọ́ ìsinmi kan ni mo yà sí ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta àlòkù, kí n ṣáà lè wà níbi tí ènìyàn wà. Ibẹ̀ ni mo ti rí i, láàárín ìwé oúnjẹ sísè àti ìwé àdúrà: ìwé pupa yẹn, tó ní àwòrán aago lára. Bàbá, mo pariwo. Obìnrin tó ń tajà bi mí bóyá nǹkan ló gún mi.

Kí ẹni tí kò mọ ìwé náà lè bá wa lọ: ìwé Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́ kan ni, ìtàn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ kan àti olè tó gbọ́n jù ú lọ. Aago tó ti bàjẹ́ nìkan ni olè yìí ń jí nílé àwọn ọlọ́lá. Tó bá di ọ̀sẹ̀ kejì, aago á padà sí ipò rẹ̀, á sì máa ṣiṣẹ́ dáadáa. Ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ kò lè sọ fún un pé ó ṣeun, kò sì lè ṣe kó má lé e. Nígbà tí mo wà ní kékeré ní Àwóyè, ọjọ́ tí òkun bá ru tí ẹnikẹ́ni kò lè lọ pẹja, ẹ ó jókòó ti àwọ̀n tó ya, ẹ ó ṣí ìwé náà lé orúnkún, ẹ ó sì máa túmọ̀ rẹ̀ fún wa. Lọ́jọ́ tí ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ fi gbogbo ọ̀sán ṣọ́ aago kan lára ògiri, tí olè sì yọ aago inú àpò ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ fúnra rẹ̀ lọ, Ìyé rẹ́rìn-ín títí ẹja fi jóná lórí iná. Ẹ sọ olè náà ní Àrọ̀, nítorí bí ẹja àrọ̀ ni, kò ṣeé dì mú. Ẹ ní ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ tí kò bá ní ọ̀tá tó gbọ́n, inú garawa ló ń dẹ àwọ̀n sí.

Lẹ́yìn náà ni òkun gba ilé wa. Àwọ̀n àti ìwé lẹ gbé sá, ṣùgbọ́n omi ti wọ ìwé, orí tó kẹ́yìn sì jẹrà. A kó wá sí Ugbónlà láìmọ ẹni tí olè náà jẹ́ gan-an. Ẹ ní adájọ́ inú ìwé náà ni. Mo ní obìnrin tó ń se oúnjẹ fún ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ni. Ìyé ní kí àwa méjèèjì lọ wá iṣẹ́ ṣe. A jà á títí mo fi wọ bàálù.

Ọjọ́ kan ṣoṣo ni mo ka ìwé náà tán. Tíì mi tutù, n kò mu ún. Ó dùn ju bí mo ṣe rántí rẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n Bàbá, a ní ọ̀rọ̀ láti sọ. Mo wá ibi tí olè ti jẹ pupuru pẹ̀lú ọbẹ̀ ẹja títí, n kò rí i. Mo wá ibi tó ti wa ọkọ̀ sá gba àwọn odò tóóró Etíkàn lọ́dọ̀ wa, ẹṣin ni mo bá níbẹ̀. Odidi orí kan wà tí ẹ kà fún wa, tí gbogbo wa sunkún sí, tí kò sí nínú ìwé rárá. Ẹ̀yin lẹ hùmọ̀ rẹ̀. Ó ti pẹ́ tí ẹ ti ń tàn wá jẹ.

Nítorí náà kò yẹ kí ọ̀rọ̀ ojú yín yà mí lẹ́nu. Lọ́dún tó kọjá, dókítà ojú kan ní Àkúrẹ́ sọ pé funfun tó bo ẹyinjú yín ṣeé fi iṣẹ́ abẹ mú kúrò, pé kí ẹ má jẹ́ kó pẹ́. Kò pẹ́ sí i, ẹ sọ fún wa pé ojú ti là fúnra rẹ̀. A gbà yín gbọ́. Lọ́jọ́ kejì tí mo ra ìwé ni mo pè yín lórí fídíò. N kò sọ nǹkan kan, mo kàn gbé ìwé pupa náà síwájú fóònù títí ó fi bo gbogbo ojú mi. Mò ń retí kí ẹ pariwo. Ẹ rẹ́rìn-ín, ẹ ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi ti kún, ẹ ní òyìnbó ń tọ́jú mi. Bàbá, ìwé ló wà níwájú yín. Kò sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ kankan níbẹ̀.

Ni èmi náà bá di ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́. Mo pe Dàpọ̀. Ó ní ojú yín dá ṣáká, pé ẹ̀ ń dárúkọ ọkọ̀ kí ó tó gúnlẹ̀. Mo ní ìró ẹ́ńjìnì lẹ fi ń mọ̀ ọ́n. Ó ní ẹ ṣì ń ta kókó àwọ̀n. Mo ní ìka yín kò nílò ojú fún ìyẹn. Ó ní ẹ̀ ń rìn lórí afárá pákó láìkọsẹ̀. Mo ní kó sún mọ́ yín kó wò ó bóyá ẹ kì í rọra fi ẹnu ka iye pákó. Ìgbà yẹn ló tó jẹ́wọ́ pé lóṣù tó kọjá, nígbà tí wọ́n yọ pákó kan lára afárá láti tún un ṣe, ẹsẹ̀ yín wọ omi dé itan, ẹ sì ní kó má sọ fún mi.

Mo mọ ohun tó ń bà yín lẹ́rù. Ẹ ti sọ fún Ìyé pé ìwọ̀nba ìmọ́lẹ̀ tí ẹ̀ ń rí, ẹ kò fẹ́ kí abẹ gbà á lọ. Ẹ̀rù ń ba èmi náà. Ó ń bà mí pé n ó dé ilé, n ó dúró níwájú yín, ẹ ó sì máa fi etí wá ojú mi.

Ìwé náà ń bọ̀, mo ti fi rán ẹni tó ń bọ̀ wálé. Orí tó kẹ́yìn ni mo fi òwú àwọ̀n rán pa. Kókó onílọ̀ọ́po mẹ́ta tí ẹ kọ́ mi ní Àwóyè ni mo ta sí i, tí ẹni tó bá tú u kò lè ta á padà bó ṣe wà. Ẹ ó fi ọwọ́ mọ̀ bí Dàpọ̀ bá yọjú síbẹ̀. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ kà á fún yín. Lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, kí ẹ fi ọwọ́ ara yín tú u, kí ẹ fi ojú ara yín kà á.

Bí ẹ bá sì fẹ́ sọ pé kò sóhun tó ń ṣe ojú yín, ẹ rántí pé ìta gbangba ni mo kọ lẹ́tà yìí sí. Ẹnì kan ló ń kà á fún yín báyìí, àwọn tó jókòó tì yín sì ti gbọ́. Ẹ̀yin lẹ kọ́ mi pé a kì í lé àrọ̀, ibi tí yóò gbà jáde ni à ń dí.

Ẹ bá mi sọ fún Ìyé pé kó di ẹrù yín, kí Dàpọ̀ sì wá ọkọ̀ Igbókòdá sílẹ̀, kí ẹ gba ibẹ̀ lọ bá dókítà ní Àkúrẹ́. Kí Ọlọ́run tọ́ ọwọ́ oníṣẹ́ abẹ sọ́nà. Kí òkun má gba ohunkóhun mọ́ lọ́wọ́ wa. Kí ẹ pẹ́ fún wa, kí ẹ máa purọ́ olè tó ń jẹ pupuru fún àwọn ọmọ-ọmọ yín. Ọ̀kan nínú àwa méjèèjì ló tọ̀nà, Bàbá, ẹ wá wò ó.

Ọmọ yín, tó ti mọ olè náà, tí kò ní sọ,
Mobọ́láńlé