Ìwé Ìkọ̀sílẹ̀ Tí O Ní Kí N Bá Ọ Tọ́jú

Ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Mo kí ọ kú làálàá ìgboro, mo kí ọ kú àìrójú àìráyè. Ṣé ara rẹ le? Ẹlẹ́rìn-ín ọmọ-ọmọ mi ńkọ́, ṣé eyín iwájú rẹ̀ tó yọ ti hù padà? Ọlọ́run á dá a sí fún wa, á jẹ́ kó mọ̀wé jù ọ́ lọ, kí ìwọ náà sì sinmi ju bí èmi ṣe sinmi lọ. Sọ fún un pé ìyá àgbà rẹ̀ ló fọwọ́ ara rẹ̀ kọ lẹ́tà yìí, n kò bẹ ẹnikẹ́ni. Olùkọ́ kíláàsì mọ̀ọ́kọ-mọ̀ọ́kà àgbà wa ní ìkọ̀wé mi mọ́ ju ti gbogbo àwọn tó kù lọ, mo sì rí i pé inú ìyá aránṣọ tó jókòó tì mí kò dùn sí i rárá.

Ilé wà bí o ṣe fi í sílẹ̀, àfi pé mo ti ní kí wọ́n pààrọ̀ páànù tó ń jò lórí iyàrá rẹ. Ewúrẹ́ mi bí méjì, ọ̀kan nínú wọn jọ bàbá eléèédú àdúgbò wa, irùngbọ̀n rẹ̀ gan-an ni, n kò sì lè sọ fún un. Orúnkún mi ṣì ń ro mí tí mo bá ń dìde. Gbogbo èyí ni mo fi ń fa ọ̀rọ̀ gùn, nítorí ohun tí mo fẹ́ sọ wúwo lọ́wọ́ mi.

Ọ̀rọ̀ ìwé ìkọ̀sílẹ̀ rẹ ni, ìwé tí kóòtù fún ọ lọ́dún mẹ́fà sẹ́yìn, tó sọ pé ìwọ àti bàbá Ẹlẹ́rìn-ín kì í ṣe tọkọtaya mọ́. O dì í sínú náílọ́ọ̀nù, o fi lé mi lọ́wọ́, o ní, Màmá, ẹ bá mi tọ́jú ẹ̀, ó máa wúlò lọ́jọ́ kan. Ọjọ́ náà ti dé. O kọ̀wé pé káfíńtà, ọkùnrin jẹ́jẹ́ tó fẹ́ fẹ́ ọ, ti mú ọjọ́ sínú oṣù tó ń bọ̀, pé ọ́fíìsì ìgbéyàwó ní àwọn ò ní so yín pọ̀ láìrí ìwé yẹn, kí n ya fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́ lórí fóònù. Mo yà á, àpótí ni o rí. O ní kí n ṣí àpótí. Mo tún un yà, àtàǹpàkò mi ni o rí. O rẹ́rìn-ín, o ní Màmá ò mọ fóònù lò. Ọmọ mi, mo mọ̀ ọ́n lò. Kò sí ìwé nínú àpótí ni.

Èmi ni mo jó o.

Ọjọ́ tí o fún mi gan-an ni. N kò mọ̀wé kà nígbà yẹn, n kò sì bẹ ẹnikẹ́ni kó kà á fún mi. Mo rò pé ìwé yẹn gan-an ni ìkọ̀sílẹ̀ náà, pé tí kò bá sí ìwé, kò sí ìkọ̀sílẹ̀, pé ọkọ rẹ á kàn jí láàárọ̀ ọjọ́ kan, á rí i pé òun ṣì níyàwó, á sì wá mú ọ. Mo tì í sínú iná lábẹ́ ìkòkò omi, omi náà ni mo sì fi wẹ Ẹlẹ́rìn-ín. Gbogbo ọ̀sẹ̀ yẹn ni mo ń gbá iwájú ilé de ọkọ rẹ. Ẹni tó wá ni bàbá eléèédú, ó ní ṣé a fẹ́ ṣe ìnáwó ni.

Nígbà tí mo rí i pé irọ́ mi ti ń gùn, mo lọ bá olùkọ́ wa. Ó ní kí n má bẹ̀rù, pé kóòtù kì í fún èèyàn níwèé kó má fi tirẹ̀ pamọ́, pé àkọsílẹ̀ wà níbẹ̀, ẹnikẹ́ni ló sì lè wọlé kó ní òun fẹ́ wò ó. Dípò kí inú mi dùn, mo bi í pé: Ẹnikẹ́ni kẹ̀? Ẹni tó ń kọjá lọ ra iyọ̀? Lọ́jọ́ kejì, mo wọ ọkọ̀ lọ síbẹ̀, pé mo fẹ́ lọ bẹ̀ wọ́n kí wọ́n fa ojú ìwé ọmọ mi ya.

Ẹnu ọ̀nà ni wọ́n ti fún mi ní pépà kékeré kan tí wọ́n kọ mẹ́tàdínlógójì sí. Mo rò pé iye ìgbéyàwó tó ti túká láàárọ̀ ọjọ́ yẹn ni. Àánú ọkùnrin tó tò sẹ́yìn mi ṣe mí, mo ní pẹ̀lẹ́ o, bàbá, ẹ fọkàn balẹ̀, ìyàwó á padà wá. Ó wò mí tìyanu-tìyanu, ó ní ìwé ilẹ̀ lòun wá gbà, ìyàwó òun wà níta, ó ń ra omi.

Akọ̀wé tó dá mi lóhùn, obìnrin kan tó fi okùn so gíláàsì mọ́ ọrùn, tẹ kọ̀ǹpútà, orúkọ rẹ sì yọ gbàǹgbà lójú ẹ̀rọ náà. Fèrèsé ẹ̀yìn wa ṣí sílẹ̀. Mo tú gèlè mi, mo fi bo kọ̀ǹpútà náà. Ó ní, Màmá, kí lẹ̀ ń ṣe? Mo ní àwọn èèyàn ń kọjá. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi nu ojú, ó wá là á yé mi jẹ́jẹ́. Ó ní ìdájọ́ tó wà nínú ìwé ńlá ni gbogbo èèyàn lè kà, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ọmọ, ọ̀rọ̀ ibi tí èèyàn ń gbé àti irú nǹkan bẹ́ẹ̀ wà nínú fáìlì, ìwọ àti bàbá Ẹlẹ́rìn-ín tí ẹ ni ín nìkan ni wọ́n ń ṣí i fún. Mo ní kó ṣáà bá mi fà á ya. Ó ní tí òun bá fà á ya, kí ni ọmọ mi máa fi hàn pé òun lómìnira láti fẹ́ ẹlòmíràn? Ó ní ìwé yẹn ò bú ọ, ẹlẹ́rìí rẹ ni.

Mo ní tó bá jẹ́ pé ẹnikẹ́ni ló lè kà á, èmi náà fẹ́ kà á. Ó ní ṣé ẹ mọ̀wé kà, Màmá? Mo jókòó dáadáa. Ó gbé e wá, mo fi ìka tọ ìlà bí wọ́n ṣe kọ́ wa. Mo ka orúkọ rẹ, mo ka ti ọkọ rẹ, mo ka ibi tí wọ́n kọ ọ́ sí pé ó ń lù ọ́. Ìyẹn, mo mọ̀ ọ́n. Ìlà tó tẹ̀lé e ni n kò mọ̀: pé olùpẹjọ́ ní ẹ̀ẹ̀mẹta ni òun sá wá sílé ìyá òun, ẹ̀ẹ̀mẹta náà ni ìyá òun palẹ̀ ẹrù òun mọ́, tó sì mú òun padà. Mo tún un kà, bóyá mo ṣì í kà. N kò ṣì í kà. Ẹ̀ẹ̀kẹta yẹn, òjò ń rọ̀, o ní, Màmá, ẹ jẹ́ kójò dá ná. N kò gbà.

Ìtìjú tí mo fi gèlè bò, tèmi ni. Ọmọ mi, jọ̀ọ́, má bínú sí mi.

Akọ̀wé fún mi ní fọ́ọ̀mù, kí n bá ọ kọ ọ́ sílẹ̀ kí o tó dé. Ibì kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ti béèrè ìdí tí a fi fẹ́ ẹ̀dà mìíràn. Ó ní kí n kàn kọ pé ó sọnù, bí gbogbo èèyàn ṣe ń kọ ọ́ nìyẹn. Mo ní rárá, irọ́ mi ti tó. Mo kọ ọ́ pé ìyá rẹ̀ ló jó o, ó sì kábàámọ̀. Àyè ò tó, mo kọ ọ́ yí etí pépà ká. Kò rẹ́rìn-ín mọ́. Ó ní ìwọ fúnra rẹ lo máa wá fọwọ́ sí i, pé tí o bá dé kó tó di Jímọ̀ ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, wọ́n á ti lu òǹtẹ̀ sí i kí ọjọ́ ìgbéyàwó tó pé.

Nítorí náà, tètè wá. Bá mi mú owó ọkọ̀ díẹ̀ dání, èyí tí mo ní ti tán sí ọ̀nà kóòtù, kí o sì fi ti gíláàsì ìkàwé kún un. Gba ẹ̀dà tó pọ̀. Àwọn báńkì ní ẹ̀rọ kan lára ògiri tó ń pọ owó jáde, bá mi bi wọ́n bóyá èèyàn lè ti ìwé bọ̀ ọ́, kó máa pọ̀ ọ́ fún un nígbàkígbà tó bá fẹ́. Tí wọn ò bá gbà, kí àna mi káfíńtà kan àpótí kékeré tó ní kọ́kọ́rọ́. Má fi kọ́kọ́rọ́ náà sọ́wọ́ mi.

Ọlọ́run á fi ìdùnnú kún ilé tuntun yín, ọkọ rẹ ò ní gbé ọwọ́ sókè sí ọ láé. Ṣùgbọ́n tí ilé náà bá le fún ọ lọ́jọ́ kankan, máa bọ̀, òjò ìbáà máa rọ̀. Iyàrá rẹ ò jò mọ́. N kò ní bi ọ́ léèrè ìgbà tí o máa padà.

Èmi ni, ìyá rẹ.